Ẹ̀rọ Ìdágìrì Inú Ilé: Agbára àti Àìlera Rẹ̀ Níwájú Olè

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Òwe yìí ni àwọn àgbà fi ń kọ́ ọmọ pé ibi tí àlàfo bá wà ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Ní Abúlé Òkúta, ní ìhà Bàrígà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣómólú, Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé kì í jìnnà sí ilé. Ògiri ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹnì kejì, yàrá sì kọjú sí yàrá nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn ayálégbé. Síbẹ̀, sísúnmọ́ra yìí nìkan kò tó láti lé olè lọ. Àwọn oníṣòwò, àwọn atẹ̀wé tí iṣẹ́ wọn ti mú kí orúkọ Ṣómólú kàn káàkiri, àwọn òṣìṣẹ́, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Akọ́kà nítòsí, gbogbo wọn ni ó ní ohun tí wọ́n fi òógùn ojú wọn rà, tí wọn kò sì fẹ́ kí olè kó lọ ní òru ọjọ́ kan.

Nítorí èyí ni àwọn onílé kan fi ń ra ẹ̀rọ ìdágìrì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àláàmù. Ẹni tí ń tà á lè sọ pé kò sí olè tí ó lè borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olówó bèèrè kí ó tó san owó rẹ̀. Bí olè bá mọ̀ pé ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ kàn án kí ó má baà ké, ǹjẹ́ yóò ké síbẹ̀? Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè náà.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ JẸ́

Kí iná mànàmáná tó dé ìlú Èkó ní 1896 ni àwọn baba ńlá ti mọ ìṣọ́ ilé. Ajá ń gbó, ẹtù ń ké, àwọn ọdẹ sì ń rìn kiri lóru. Olè ayé àtijọ́ náà mọ ọgbọ́n tirẹ̀: ó lè ju ẹran sí ajá kí ajá lè dákẹ́. Ohun kan náà ni olè òde òní ń gbìyànjú láti ṣe sí ẹ̀rọ.

Ẹ̀yà mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìdágìrì ní. Èkínní ni ojú, ìyẹn ni àwọn ohun kéékèèké tí a fi sí ara ilẹ̀kùn, ara fèrèsé àti igun yàrá láti máa ṣọ́nà. Èkejì ni ọpọlọ, ìyẹn ni àpótí ìdarí tí ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn ojú náà. Ẹ̀kẹta ni ohùn, ìyẹn ni fèrè tí ń ké síta, àti fóònù tí ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí onílé. Ẹ̀kẹrin ni oúnjẹ, ìyẹn ni iná tí ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Olè tí ó bá fẹ́ borí ẹ̀rọ náà ní láti bo ojú rẹ̀, tàbí kí ó fọ́ ọpọlọ rẹ̀, tàbí kí ó pa á lẹ́nu mọ́, tàbí kí ó fi ebi pa á. Bí onílé bá yẹ ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò mọ èyí tí ó lágbára àti èyí tí kò lágbára.

WÁYÀ TÍ A GÉ

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1853 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Augustus Russell Pope, ará ìlú Somerville ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìdágìrì tí ń lo iná mànàmáná. Edwin Holmes ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1857, ó sì sọ ọ́ di òwò ńlá ní Boston àti New York. Nínú ẹ̀rọ ti Pope, iná kì í kọjá nínú wáyà nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni iná yóò tó kọjá, tí agogo yóò sì lù. Bí olè bá tilẹ̀ sáré ti ilẹ̀kùn náà padà, agogo kò ní dákẹ́.

Ọgbọ́n ńlá ni èyí ní ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àlàfo tí ó wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí olè bá kọ́kọ́ gé wáyà kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn, iná kò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́, agogo kò sì ní lè lù. Onílé yóò máa sùn, yóò sì máa rò pé ẹ̀rọ òun ń ṣọ́ òun.

Ètò tí ó dára ju èyí lọ ni èyí tí a yí padà sẹ́yìn. Nínú rẹ̀, iná ń kọjá nínú wáyà nígbà gbogbo, díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń ṣàn nínú ọ̀pá láìdúró. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, iná já. Bí olè bá gé wáyà, iná já pẹ̀lú. Ọ̀nà méjèèjì ni ìdágìrì yóò gbà bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá wà tí kì í ké nígbà tí a gé wáyà rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó rà á ní ayé òde òní.

Olè tí ó mọ iṣẹ́ iná lè má gé wáyà rárá. Ó lè so wáyà kan mọ́ ìkejì, kí iná lè máa yí po láìdé ara ilẹ̀kùn. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fi ń fi ohun kékeré kan tí ń dín iná kù sí ìparí wáyà, lẹ́bàá ojú tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Àpótí ìdarí mọ ìwọ̀n iná tí ó yẹ kí ó padà sọ́dọ̀ òun. Bí iná náà bá pọ̀ jù tàbí tí ó bá kéré jù, yóò mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ọwọ́ kan wáyà. Àmọ́ iṣẹ́ ohun kékeré yìí wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í sí ipò. Bí oníṣẹ́ iná bá fi í sí inú àpótí dípò ìparí wáyà, nítorí pé èyí rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò ní lè ṣọ́ ohunkóhun. Ẹ bi oníṣẹ́ yín ní ibi tí ó fi í sí.

OJÚ TÍ A TÀN JẸ

Ojú tí ó wọ́pọ̀ jù lára ilẹ̀kùn ni èyí tí ń lo òòfà. Òòfà kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn, súwíìṣì tẹ́ẹ́rẹ́ inú ìgò sì wà lára férémù. W. B. Ellwood, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe irú súwíìṣì inú ìgò yìí ní 1936. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, òòfà ń mú kí irin inú ìgò fara kan ara wọn. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, òòfà jìnnà, irin yà, ìdágìrì bẹ̀rẹ̀. Ó rọrùn, kò wọ́n, ó sì ń pẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé súwíìṣì náà kò mọ òòfà onílé yàtọ̀ sí òòfà àlejò. Nítorí náà, inú ilé ni ó yẹ kí ó wà, níbi tí ẹni tí ó dúró ní ìta kò ti lè mọ ipò rẹ̀. Oríṣi mìíràn wà, tí ó wọ́n ju èyí lọ, tí a ṣe kí ó lè mọ̀ bí òòfà mìíràn bá súnmọ́ ọn.

Ojú kejì ni èyí tí a ń fi sí igun yàrá, tí ń mọ ìgbà tí ènìyàn ń rìn. Ara ènìyàn a máa tú ooru jáde, ẹ̀rọ náà sì ń mọ̀ bí ooru yìí bá ń kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn. Ohun méjì ni ó lè pa á lójú. Èkínní ni ooru ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀. Bí yàrá tí ó wà lábẹ́ páànù bá gbóná tó bí ara ènìyàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn àti ògiri yóò kéré, ojú náà yóò sì ṣòro fún láti ríran dáadáa. Èkejì ni ọwọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó bá wọlé ní ọ̀sán bí àlejò, bí akunlé tàbí bí alágbàṣe lè fi nǹkan bo ojú náà, tàbí kí ó yí i kọjú sí ògiri. Ní òru, ẹ̀rọ yóò wà ní títàn, ṣùgbọ́n afọ́jú ni yóò jẹ́.

Àwọn oríṣi tí ó wọ́n lè mọ̀ bí a bá bo ojú wọn, wọn a sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àpótí ìdarí. Ẹni tí kò ní owó rẹ̀ kò ṣàìní àtúnṣe. Kí ó máa rìn kọjá níwájú ojú náà lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ láti mọ̀ bí ó ṣì ń ríran. Ìṣẹ́jú kan péré ni yóò gbà.

ÀPÓTÍ ÀTI FÈRÈ

Bí onílé bá wọlé, ẹ̀rọ a máa fún un ní àyè díẹ̀, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 30 tàbí 45, láti tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Olè tí ó já ilẹ̀kùn wọlé náà ń rí àyè yìí gbà. Bí àpótí ìdarí bá wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an, olè lè fi òòlù fọ́ ọ kí àkókò náà tó pé. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà àti ọpọlọ ẹ̀rọ wà nínú àpótí kan náà. Kí ibi ìtẹ̀ nọ́ńbà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kí ọpọlọ wà ní inú yàrá lọ́hùn-ún, níbi tí àlejò kì í dé. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn a máa fi ìròyìn ránṣẹ́ síta ní kété tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Bí nọ́ńbà òtítọ́ kò bá tẹ̀lé e, ẹni tí ó gba ìròyìn yóò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, bí a tilẹ̀ ti fọ́ àpótí náà yángá.

Àpótí tí ó dára ní súwíìṣì kékeré kan lábẹ́ ìdérí rẹ̀, òmíràn sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí náà, tàbí tí ó bá fà á kúrò lára ògiri, yóò mú ìdágìrì bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀sán tàbí òru, ìbáà jẹ́ pé onílé ti tan ẹ̀rọ tàbí kò tàn án. Bákan náà ni ó yẹ kí ó rí fún fèrè ìta. Kí fèrè náà ní bátìrì tirẹ̀ nínú, kí ó lè máa ké bí a bá gé wáyà rẹ̀. Kí ó sì wà ní òkè, níbi tí ọwọ́ kò lè tó láìsí àkàbà.

Ẹ̀RỌ TÍ KÒ NÍ WÁYÀ

Ní òde òní, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìdágìrì kò lo wáyà mọ́. Ìgbì rédíò ni ojú fi ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀. Èyí dára fún ayálégbé, nítorí pé kò ní láti lu ògiri onílé. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ nínú afẹ́fẹ́, ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ. Ní 2014, Logan Lamb, olùwádìí kan ní ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, fi hàn níwájú àwọn onímọ̀ ní Las Vegas pé àwọn ẹ̀rọ kan tí ó lókìkí ń sọ̀rọ̀ ní gbangba láìfi àṣírí bo ọ̀rọ̀ wọn. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó lè pariwo bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí ọpọlọ má baà gbọ́ ìkìlọ̀ ojú, ó sì lè mú kí wọ́n ké láìnídìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí kò ní wáyà níláti bèèrè ohun mẹ́ta. Èkínní, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí ojú ń bá ọpọlọ sọ wà ní àṣírí, tí ó sì ń yí padà nígbà gbogbo, kí ẹni tí ó gbọ́ ti òní má baà lè lò ó lọ́la? Èkejì, ǹjẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan a máa jíṣẹ́ pé òun wà láàyè láti ìgbà dé ìgbà, kí ọpọlọ lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù? Ẹ̀kẹta, bí ẹnì kan bá fi ariwo dí afẹ́fẹ́, ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà yóò mọ̀, tí yóò sì ké? Bí ẹni tí ń tà á kò bá lè dáhùn, kí olówó mú owó rẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Bí ó ti rí fún ojú ni ó rí fún ohùn. Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ọ̀nà tuntun ti ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìdágìrì láti pe onílé ní ibikíbi tí ó bá wà. Fóònù yìí kò ní wáyà tí olè lè gé ní ìta. Síbẹ̀ ó ní àìlera tirẹ̀. Síìmù tí owó ti tán lórí rẹ̀ kò lè pe ẹnikẹ́ni, síìmù tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́ sì lè di òkú láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Kò sí olè kankan nínú èyí, àìkíyèsára ni.

EBI IN̄Á

Nínú gbogbo àìlera ẹ̀rọ ìdágìrì ní Abúlé Òkúta àti agbègbè rẹ̀, èyí tí ó burú jù kò ti ọwọ́ olè wá. Iná kì í dúró pẹ́. Láti ìgbà tí NEPA ti wà ní 1972, títí ó fi di PHCN ní 2005, àti láti 2013 tí a ti fi pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, àwọn ènìyàn ti mọ òkùnkùn dáadáa. Ẹ̀rọ tí a ṣe ní ìlú tí iná kì í ti í kú kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìlànà kan wà tí a ń pè ní EN 50131, tí ó pín ẹ̀rọ ìdágìrì sí ipele mẹ́rin. Ipele kìíní jẹ́ ti ilé tí a retí pé olè ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan púpọ̀ nípa ìdágìrì. Ipele kẹrin jẹ́ ti ibi tí a retí pé olè yóò jókòó, yóò ro ètò rẹ̀ dé òpin, yóò sì ní gbogbo irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ìlànà náà ní kí bátìrì ipele kìíní àti ìkejì lè gbé ẹ̀rọ ró fún wákàtí 12 bí iná bá lọ, kí ti ipele kẹta àti ìkẹrin sì lè ṣe é fún wákàtí 60. Wákàtí 12 lè tó ní Yúróòpù. Ní ibi tí iná lè lọ láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan títí di alẹ́ ọjọ́ kejì, kò tó.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpótí ìdarí ni ó ní bátìrì kékeré tí a kọ 12V 7Ah sí lára. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ iná tí ó tó 0.3 ámpíà, bátìrì tuntun yóò gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 23. Bí bátìrì náà bá ti gbó tí agbára rẹ̀ kù sí ìdajì, kò ní ju wákàtí 11 tàbí 12 lọ. Ooru sì ń mú kí bátìrì tètè gbó: bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju 25 lọ, ọjọ́ ayé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ a máa dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Bí a bá sì ń lo bátìrì tán pátápátá kí a tó tún un gba iná, yóò tètè kú. Nítorí náà, bátìrì tí ó lè lo ọdún mẹ́rin ní ìlú tútù lè má lo ju ọdún méjì lọ nínú yàrá gbígbóná ní Bàrígà.

Olè tí ó mọ àdúgbò mọ èyí pẹ̀lú. Kò nílò láti fi ọwọ́ kan wáyà. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ méjì, yóò kàn dúró ni. Ẹni tí ó ní ìnfátà tàbí iná oòrùn níláti so ẹ̀rọ ìdágìrì mọ́ ọn ní àkọ́kọ́, kí ó tó ronú nípa tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò ní i lè ra bátìrì tí ó tóbi jù, bí àpótí náà bá gbà á, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó kú.

NỌ́ŃBÀ ÀṢÍRÍ ÀTI ARÁ ILÉ

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dá ẹni tí ó mọ nọ́ńbà rẹ̀ dúró. Nọ́ńbà mẹ́rin tí a fi ń pa ìdágìrì lè jẹ́ oríṣi 10,000, olè kò sì lè dán gbogbo rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí onílé bá fi nọ́ńbà tí ó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bíi 1234 tàbí 0000, ìgbà kan péré ni yóò dán an wò. Bákan náà, bí onílé bá ti lo nọ́ńbà kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́tìnì mẹ́rin tí ó ń tẹ̀ yóò ti pa dà, àwọn yòókù yóò sì máa dán. Ẹni tí ó bá rí bọ́tìnì mẹ́rin tí ó pa dà ti mọ̀ pé oríṣi 24 péré ni ó kù láti dán wò.

Nínú ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀, tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n sì ń kó jáde, nọ́ńbà àṣírí kì í pẹ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kí a yí i padà nígbàkígbà tí ayálégbé, ọmọ-ọ̀dọ̀ tàbí oníṣẹ́ kan bá kúrò. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ẹ̀rọ náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí a sì yan ẹ̀rọ tí ń kọ̀ láti gba nọ́ńbà mìíràn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ṣì í tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀melòó kan.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÈ FÚNRA WỌN SỌ

Olè ni ó ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ní 2012, Joseph Kuhns ti Yunifásítì North Carolina ní Charlotte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ẹlẹ́wọ̀n 422 tí wọ́n ti fọ́lé rí ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà léèrè bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ibi wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi 83 ni ó sọ pé àwọn a máa wò bí ìdágìrì bá wà kí àwọn tó wọlé. Bíi 60 ni ó sọ pé bí àwọn bá rí i pé ó wà, ilé mìíràn ni àwọn yóò wá lọ. Nínú àwọn tí ń gbìyànjú láti pa ìdágìrì lẹ́nu mọ́, gígé wáyà ni ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkínní ni pé ọ̀pọ̀ olè kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó lè ké bí a bá gé wáyà rẹ̀ ti borí ọgbọ́n púpọ̀ nínú wọn. Èkejì ni ó yẹ kí àwọn ará àdúgbò ronú lé lórí. Ilé mìíràn tí olè náà yóò lọ, ilé aládùúgbò ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi ìdágìrì sí ilé rẹ̀ ní òpópónà kan, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni ó ti olè sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó wà ní ìkángun.

ẸNI TÍ YÓÒ JẸ́ ÌPÈ

Fèrè kì í mú olè. Ènìyàn ni ó ń mú un. Ní ìlú New York, ní àkókò tí ọlọ́pàá kì í tètè dé àdúgbò rẹ̀, Marie Van Brittan Brown, obìnrin nọ́ọ̀sì kan tí í ṣe aláwọ̀ dúdú, àti ọkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ó ní kámẹ́rà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá, àti bọ́tìnì tí a fi lè pe ìrànlọ́wọ́. Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1969. Ohun tí obìnrin náà mọ̀ ni pé ẹ̀rọ kò wúlò bí kò bá so onílé pọ̀ mọ́ ẹni tí yóò wá ràn án lọ́wọ́.

Ní Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún ìpè tí ìdágìrì ń pe ọlọ́pàá, ó lé ní 90 tí ó jẹ́ ìpè lásán: ológbò, afẹ́fẹ́, tàbí onílé tí ó gbàgbé nọ́ńbà. Bí fèrè bá ń ké ní alaalẹ́ ní Abúlé Òkúta láìsí olè, àwọn aládùúgbò yóò ti etí wọn, ariwo jẹnẹrétọ̀ yóò sì bo ìyókù mọ́lẹ̀. Olè tí ó gbọ́n tilẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ ké ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní òru kan, kí onílé lè fi ìbínú pa á, kí ó tó wá wọlé. Nítorí náà, bí ìdágìrì bá ké láìnídìí, kí onílé wá ìdí rẹ̀, kí ó tún un ṣe. Kò gbọdọ̀ pa á kí ó sì padà lọ sùn.

Ọ̀pọ̀ òpópónà ní Èkó ni ó ní géètì tí àwọn ọlọ́dẹ ń tì lóru. Kí onílé fi ohùn ìdágìrì rẹ̀ han ọlọ́dẹ náà àti aládùúgbò méjì, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Nọ́ńbà tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 tàbí 112, a kò sì ní gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó pè. Ẹgbẹ́ Aláàbò Àdúgbò tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2016 náà ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn ará àdúgbò.

Ilẹ̀kùn líle àti irin ojú fèrèsé ṣì níye lórí, nítorí pé ìdágìrì a máa sọ pé olè ń bọ̀, irin a sì máa dá a dúró títí ènìyàn yóò fi dé. Ṣùgbọ́n kí irin fèrèsé kan ó kéré tán ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀. Iná ilé kì í dúró de ẹni tí ń wá ọ̀nà àbájáde.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí onílé ṣe nǹkan márùn-ún wọ̀nyí. Kí ó ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bí ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí ó rìn kọjá níwájú ojú inú yàrá. Kí ó pa iná ilé, kí ó sì wò bí bátìrì ń gbé ẹ̀rọ ró. Kí ó rí i pé owó wà lórí síìmù, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ pe fóònù òun. Kí ó ṣí ìdérí àpótí díẹ̀ láti mọ̀ bí yóò ké, lẹ́yìn tí ó bá ti sọ fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n má baà fòyà. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Kò sí ẹ̀rọ tí olè kò lè fọ́ bí a bá fún un ní àkókò tí ó tó. Iṣẹ́ ìdágìrì tí ó dára ni láti má ṣe fún un ní àkókò náà, kí ó sì ké nígbà tí a bá fi ọwọ́ kàn án ju ìgbà tí a kò fi ọwọ́ kàn án lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ó bá ń yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò lóṣooṣù, tí ó sì mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀, ni ó lè fi ọkàn balẹ̀ sùn.